Ibi Tí Agbára Agbaninímọ̀ràn Mọ

Lẹ́tà lórí ọtí àti oògùn olóró ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí. Bí mo ṣe ń kà wọ́n ni mo ń rí i pé ìbéèrè kan náà ló wà nídìí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó ilé ló kọ ọ̀kan, tí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe sì kọ òmíràn: kí la lè retí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn, ibo sì ni agbára rẹ̀ mọ? Mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì ti yọ ohunkóhun tó lè jẹ́ kí aládùúgbò mọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọ̀rọ̀ bàbá àwọn ọmọ mi ni mo bá wá. Ọtí ti di bárakú fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà láti máa lọ rí agbaninímọ̀ràn kan, ó sì ti ń lọ láti oṣù márùn-ún, kì í pa ọjọ́ jẹ. Àfi bí ọkùnrin náà ṣe pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní òun kò lè máa bá a jókòó báyìí mọ́, pé kí n kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní ọwọ́ tó ń gbọ̀n láàárọ̀ yẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó tún wá kìlọ̀ fún mi pé a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó dá ọtí dúró lójijì nílé! Mà, ṣebí kó má mu ún mọ́ la ṣe lọ? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ wa ti sú u ni, ó kàn ń fi ọgbọ́n tì wá síta. — Ìyàwó Tó Ti Rẹ̀

ÈSÌ: Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá àwọn ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ lè má dùn mọ́ yín: ọkùnrin yẹn mọṣẹ́. Kò tì yín síta o. Ohun tó rí lára ọkọ yín ló bà á lẹ́rù, ẹ̀rù náà sì tọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ọtí máa ń dẹ iṣẹ́ ọpọlọ sílẹ̀. Bí ènìyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún mélòó kan, ọpọlọ kò ní káwọ́ gbera máa wò ó. Yóò máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ kó lè máa bá ọtí náà dọ́gba. Lọ́jọ́ tí ọtí bá wá dá lára lójijì, eré yẹn ṣì ń lọ, kò sì sí ohun tó ń dá a dúró mọ́. Òun ni ẹ ń rí lọ́wọ́ ọkọ yín láàárọ̀, nítorí ó ti sùn mọ́jú, ọtí ti dín lára rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé bó bá ti mu ife àkọ́kọ́ tán, ọwọ́ náà á rọlẹ̀.

Ká ní ibi tó mọ nìyẹn, à bá ní kó fara dà á. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn ni gbígbọ̀n, òógùn, èébì àti àìróorunsùn máa ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó pé wákàtí 48, gìrì lè mú ẹlòmíràn ṣánlẹ̀, ẹni tí wárápá kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Tó bá wá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn kan wà tí ọkàn wọn máa ń dàrú pátápátá. Wọn á máa rí kòkòrò lára ògiri, wọn á máa bá ẹni tí kò sí nínú yàrá sọ̀rọ̀, ara á gbóná, àyà á máa lù kìkìkì. Delirium tremens ni àwọn dókítà ń pè é, ó sì ń pa ènìyàn. Nínú gbogbo ohun tó ń di bárakú fún ọmọ aráyé, ọtí àti àwọn oògùn orun kan wà lára èyí tí dídá wọn dúró lójijì lè gbẹ̀mí ẹni.

Nílé ìwòsàn, ọwọ́ wọn ká a. Wọ́n á fún un ní oògùn bíi diazepam tí yóò mú ọpọlọ rọlẹ̀, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n á tún fún un ní thiamine, ìyẹn fítámì B1, torí ọtí kì í jẹ́ kí ara rí i gbà bó ṣe yẹ, àìtó rẹ̀ sì lè ba ìrántí ènìyàn jẹ́ títí ayé. Nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹ bá mi wá ẹyọ kan tí agbaninímọ̀ràn lè fi ẹnu ṣe. Èmi pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi tó wà lára ògiri, mi ò láṣẹ láti kọ egbòogi kan ṣoṣo fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì tí mo rò pé ọkùnrin náà rí, tó lè má rí ẹnu sọ fún yín, ni pé ọkọ yín ń ti ojú ọtí wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹni tí ara rẹ̀ kò lè dá ọtí dúró fún wákàtí mẹ́wàá bá jókòó síwájú mi, yálà ó ti mu díẹ̀ kó tó dé, tàbí ara ń wá ọtí débi pé ohun tí mò ń sọ kò wọ̀ ọ́ létí. Yóò máa mi orí. Yóò máa sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni mà". Tó bá délé, kò ní rántí ìlàjì. Oṣù márùn-ún ìmirí kì í ṣe ìtọ́jú, ẹni tó bá ń gba owó lórí rẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ bínú sí.

Kẹ́ ẹ tó rí dókítà, ẹ má da ọtí rẹ̀ nù, ẹ má sì tì í mọ́ inú àpótí. Mo mọ̀ pé ó ta létí kí ìyàwó ilé gbọ́ irú èyí. Ẹ kọ ohun tó ń mu lóòjọ́ sílẹ̀, iye gan-an, kì í ṣe iye tó ń sọ. Ẹ kọ ọ́ bóyá gìrì ti mú un rí nígbà kan tó gbìyànjú láti jáwọ́, torí ẹni tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ewu tirẹ̀ ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí gìrì bá mú un, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí wọ́n bá wá fọ ọtí kúrò lára rẹ̀ tán, ẹ dá a padà sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn yẹn. Ìgbà náà ni iṣẹ́ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn kò lè kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá bú u. Ẹ sì bi dókítà léèrè nípa naltrexone àti acamprosate. Oògùn ni wọ́n, wọ́n máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́ kí òǹgbẹ ọtí dín kù tàbí kí wọ́n má tètè padà sídìí rẹ̀. Ó ń yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ń bẹ̀ mí fún "ọ̀rọ̀ tó máa wọ̀ ọ́ lára" kì í ṣe é béèrè wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún 26, ń mu igbó, ó sì ti ń fi kokéènì kún un. Agbaninímọ̀ràn mẹ́ta ni mo ti bá sọ̀rọ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí: "Bàbá, tí kò bá fúnra rẹ̀ wá, kò sóhun tá a lè ṣe." Kí n wá káwọ́ lẹ́rán kí n máa wò ó? Àwọn kan ní kí n lé e jáde kí ojú rẹ̀ lè là. — Bàbá Ọmọ

ÈSÌ: Bàbá, ẹ má káwọ́ lẹ́rán. Ibí yìí gan-an ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti máa ń tahùn síra wa. Òótọ́ ni pé mi ò lè tọ́jú ẹni tí kò sí níwájú mi, mi ò sì lè bá ẹnikẹ́ni fẹ́ ohun tí kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin wà níwájú wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ! Ẹ̀yin lẹ mọ wákàtí tí ọmọ yẹn ń jí, ẹ mọ ọ̀rẹ́ tó máa ń súfèé pè é lójú fèrèsé, ẹ mọ ọjọ́ tí ojú rẹ̀ máa ń dá. Wọn kò fa ààlà iṣẹ́ wa síbi tó yẹ. Àìfẹ́ kì í dúró sójú kan. Mi ò tíì bá ẹni tí kokéènì mú pàdé tí kò ní wákàtí kan nínú ọ̀sẹ̀ tó máa ń wù ú kó bọ́ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí náà lè máà bọ́ sí àkókò tí ọ́fíìsì mi ṣí sílẹ̀.

Robert Meyers, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, ṣètò ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ẹbí irú yín. CRAFT ni wọ́n ń pè é. Ní 1999, òun àti William Miller pẹ̀lú ẹnì kẹta wọn gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ẹbí 130, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní olùmutí tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò gba ìtọ́jú. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́ ní CRAFT, ìpín 64 nínú 100 ló rí olùmutí wọn mú dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú. Àwọn tí wọ́n kọ́ láti kó gbogbo mọ̀lẹ́bí jọ, kí wọ́n ká ẹni náà mọ́, kí wọ́n sọ ojú abẹ níkòó, ìpín 30 ni. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n mójú kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n tọ́jú ọkàn ara wọn, ìpín 13. Àwọn mìíràn ti dán an wò lẹ́yìn náà lára ẹbí àwọn tó ń lo oògùn olóró, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ni wọ́n kọ́ wọn? Ní kúkúrú: ẹ jẹ́ kí ilé dùn fún un nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá, kẹ́ ẹ sì yẹra nígbà tó bá ti lò ó. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe òdìkejì. Ọjọ́ tó bá ti lò ó la máa ń gbà á lálejò pẹ̀lú ariwo àti ẹkún di òru. Ọjọ́ tí kò lò ó, àánú ara wa á máa ṣe wá, a ò ní bá a sọ ohunkóhun. Tó bá jókòó jẹ́jẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí kò jáde, ẹ má kàn dákẹ́ wò ó. Ẹ sọ pé, "Inú mi dùn pé a jọ jókòó báyìí. Bí ojú rẹ ṣe dá yìí, mo máa ń gbádùn rẹ." Kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀ o! Ẹ má fi "ìbá jẹ́ pé bó o ṣe máa ń ṣe nìyí" kún un. Gbólóhùn kékeré yẹn ló ń ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Tó bá ti lò ó wálé, ẹ sọ pé, "Mo rí i pé o ti lò ó. Mo ń lọ sùn. A ó sọ̀rọ̀ lọ́la." Kẹ́ ẹ lọ sùn lóòótọ́. Bó bá sì fi í pàdánù iṣẹ́ tàbí owó, ẹ má sáré lọ bá a dí ihò náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣọ́ wákàtí tí mo wí yẹn. Ó lè jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ tí ojú ń tì í, tàbí ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dákú. Kí ọjọ́ ọ̀hún tó dé, ẹ ti bá olùtọ́jú kan ṣe àdéhùn pé bí ẹ bá pè é, yóò rí i láàárín ọjọ́ méjì. Àìsí àdéhùn yìí ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, torí bí ọmọ bá gbà lónìí tí wọ́n ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀, wákàtí náà ti kọjá lọ. Kí ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu yín: "Ṣé wàá bá mi dé ibẹ̀ lọ́la? Lẹ́ẹ̀kan péré. Tí kò bá wù ọ́, a ò ní padà lọ."

Lílé e jáde ńkọ́? Bó bá ń gbé ọwọ́ lé yín tàbí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wà nínú ewu, kó jáde, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ lé e kí ojú rẹ̀ lè là? Ọ̀pọ̀ ló kú kí ojú wọn tó là. Ẹ wo ohun tí Lee Robins, olùṣèwádìí kan, rí lára àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti Vietnam padà wálé ní 1971. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni heroin ti di bárakú fún níbẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta tí wọ́n délé, ìpín 12 péré nínú 100 àwọn tí ó ti di bárakú fún yìí ni ó tún dì í fún. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò gba ìtọ́jú kankan. Ibi tí wọ́n ń gbé ló yí padà, àti ẹni tó ń gbé oògùn náà wá, àti ohun tí wọ́n ń jí lọ ṣe láàárọ̀. Ìyẹn ni mi ò lè fún ọmọ yín láti orí àga mi. Bẹ́ ẹ bá wá lé e, àárín ta ni yóò lọ sùn?

Mi ò ní tàn yín: kò tíì sí oògùn kan tí wọ́n fọwọ́ sí fún bárakú kokéènì. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù ni ètò tí wọ́n ti ń yẹ ìtọ̀ ẹni náà wò, tí wọ́n ń fún un ní ẹ̀bùn kékeré ní gbogbo ìgbà tí kò bá sí oògùn nínú rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ẹnì kan ń ṣe é nítòsí yín. Nínú ìpín 64 tí mo kà yẹn náà, ẹ ṣírò èyí tó kù. Ẹlòmíràn á ṣe gbogbo rẹ̀ pé, ọmọ rẹ̀ kò sì ní wá.

ÌBÉÈRÈ: Mà, tẹ́tẹ́ orí fóònù ti gba àbúrò mi lọ́wọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é, kẹ́ ẹ dẹ́rù bà á dáadáa. Yóò gbọ́ tiyín torí ẹ kò mọ̀ ọ́n. — Ẹ̀gbọ́n

ÈSÌ: Rárá. William Miller kan náà tí mo dárúkọ lókè ṣe ìwádìí kan lórí àwọn olùmutí, ó sì gbé e jáde ní 1993. Bí agbaninímọ̀ràn bá ṣe ń ko ẹni náà lójú tó ni ẹni náà ṣe ń mutí sí i lẹ́yìn ọdún kan. Mi ò rí ìdí tí tẹ́tẹ́ yóò fi yàtọ̀. Dípò ìpè mi, bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹnì kan tó fọkàn tán máa bá a tọ́jú owó oṣù rẹ̀, kó sì ní kí ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà àti báńkì rẹ̀ ti ọ̀nà mọ́ òun. Bó bá gbà, ó ti ṣe ju ohun tí ẹ̀rù mi lè ṣe lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọdún kejì mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi, bí àbúrò ni mo ṣe mú un. Ó jáwọ́ nínú tramadol fún oṣù mẹ́ta. Lálẹ́ Sọ́ńdè ó pè mí ní aago méjì òru lórí fóònù mi, ó ti tún lò ó. Láti ìgbà náà, oorun ti dá lójú mi. Mò ń rò ó pé ká ní ọwọ́ ẹni tó mọ̀ jù mí lọ ló bọ́ sí, kò ní rí báyìí. — Àbúrò Yín Lẹ́nu Iṣẹ́

ÈSÌ: Àbúrò mi, kí a tó dé orí oorun rẹ, pè é lónìí. Ara tó ti sinmi fún oṣù mẹ́ta kò mọ ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n àtijọ́ yẹn lè dá èémí rẹ̀ dúró. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ṣe ń kú, lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde nílé ìtọ́jú tàbí lẹ́wọ̀n, tí gbogbo ènìyàn ń yọ̀ fún wọn. Sọ fún un pé kó má ṣe dá nìkan lò ó, kó má fi ọtí tàbí oògùn orun kún un, kí ẹni tó ń bá a gbé sì ní naloxone nílé, òun ló ń jí ẹni tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti fẹ́ pa. Ti tramadol tún ní ti gìrì nínú, nítorí náà kí wọ́n lo naloxone tán kí wọ́n má jókòó, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí o bá ń tijú láti sọ èyí torí kó má dà bí ẹni pé o ń gbà á láyè, fi ìtìjú náà sílẹ̀.

Èkejì, ṣé dókítà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ìbátan morphine àti heroin ni tramadol. Láti 1965 tí Vincent Dole àti Marie Nyswander ti kọ̀wé ní New York nípa àwọn tí heroin ti di bárakú fún, tí wọ́n fún ní methadone, oògùn tí dókítà fi ń rọ́pò rẹ̀, lójoojúmọ́, tí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́, la ti mọ̀ pé ẹnu nìkan kò tó fún irú bárakú yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi methadone àti irú rẹ̀ mìíràn tó ń jẹ́ buprenorphine sínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ní 2005. Àwọn tó ń lò wọ́n kì í kú tó àwọn tí kò lò wọ́n. Síbẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ tí àwọn agbaninímọ̀ràn ń sọ pé fífi oògùn rọ́pò oògùn ni. Bí ìwọ náà bá wà lára wọn, jọ̀ọ́, tún un rò. Ẹ jọ lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá tirẹ̀ mu.

Ní ti "ká ní ẹni tó mọ̀ jù mí lọ ni": ní 1977, Griffith Edwards àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London mú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tó níyàwó, tí ọtí ń dà láàmú. Ìlàjì gba ìtọ́jú kíkún fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìlàjì kejì, ìjókòó ìmọ̀ràn kan péré ni wọ́n ṣe fún tọkọtaya, wọ́n ní ọwọ́ wọn ló kù sí. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ gbòógì láàárín wọn. Ní 1997, ìwádìí Project MATCH jáde ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 1,726, ọ̀nà ìgbaninímọ̀ràn mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Ọtí dín kù púpọ̀ lẹ́nu àwọn tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí èyí tó fi bẹ́ẹ̀ ju èkejì lọ. Mo máa ń ka méjèèjì yìí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ojú wọn á sì faro. Kò yẹ kó faro. Ohun tó ń sọ ni pé ọgbọ́n tó o rò pé o kò ní, tí ì bá gba ọmọ yẹn là lálẹ́ Sọ́ńdè, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Ọ̀kan ni tìrẹ.

Ó pè ọ́, ìyẹn dára. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìwọ ló pè. Ta ni ì bá pè bí o bá ti pa fóònù? Ní 1935, ní Akron ní Amẹ́ríkà, Bill Wilson, olùmutí tó ti jáwọ́, wà ní ìlú onílùú, òwò rẹ̀ bàjẹ́, ọtí ń pè é láti yàrá kejì ní hòtẹ́ẹ̀lì tó wà. Kò wá agbaninímọ̀ràn. Ó ń pe nọ́ńbà kiri títí ó fi rí olùmutí mìíràn tó lè bá sọ̀rọ̀, dókítà kan tó ń jẹ́ Bob Smith, ibẹ̀ sì ni Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn olùmutí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́, ti ṣẹ̀. Àwọn tó ti rìn ín rí lè wà níbẹ̀ ní aago méjì òru, torí ó ń ṣe àwọn náà láǹfààní. Wá irú wọn fún un, méjì tàbí mẹ́ta, kó kọ nọ́ńbà wọn síwájú tìrẹ. Kí o sì gba fóònù mìíràn fún iṣẹ́, tí ó ní wákàtí tó ń kú, kí o sọ wákàtí náà fún un lójúkojú. Kò ní dùn mọ́ ọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún ọ: ṣé ọ̀gá tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ rẹ ti gbọ́ nípa ìpè yẹn? Lẹ́tà rẹ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí o bá ti ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́, tàbí o ti yá a lówó, tàbí o ti bá a parọ́ fún ìyá rẹ̀, tètè fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì bá a débẹ̀ fúnra rẹ.

ÌBÉÈRÈ: Èmi gan-an ni mò ń lò ó, mà. Oògùn orun ni, ó pé ọdún mẹ́rin. Mo sọ fún agbaninímọ̀ràn mi pé ẹyọ kan ni mò ń lò lálẹ́. Irọ́ ni, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí mo bá sọ òótọ́, ṣé kò ní sọ fún ìyàwó mi tàbí ọ̀gá mi? Ó ti ń sọ pé kí n gbìyànjú láti fi í sílẹ̀ láti Mọ́ńdè. — Ẹ Má Dárúkọ Mi

ÈSÌ: Má fi í sílẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ọ̀pọ̀ oògùn orun ló ń ṣe bí ọtí lára. Bí o bá dá a dúró lójijì lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, gìrì lè mú ọ. Dókítà ni yóò máa dín in kù fún ọ, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Agbaninímọ̀ràn rẹ kò yẹ kó dá ọjọ́ fún ọ rárá, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó o sọ fún un ló fi ń ṣírò.

Ní ti àṣírí, iṣẹ́ wa ni láti bò ó. Ó ní ibi tí òfin ti lè ní ká sọ̀rọ̀: bí o bá fẹ́ pa ara rẹ tàbí ẹlòmíràn, bí ọmọdé bá wà nínú ewu, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, ó sì yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Tó bá jẹ́ ọ̀gá rẹ ló ń sanwó fún ìtọ́jú náà, béèrè ohun tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí i. Fi ìbéèrè wọ̀nyí ṣáájú, kí o gbọ́ ìdáhùn, kó o tó sọ ohunkóhun. Ẹ̀tọ́ rẹ ni.

Bí ìdáhùn náà bá tẹ́ ọ lọ́rùn, tí ẹnu rẹ sì wúwo, kọ orúkọ oògùn náà àti iye tó o ń lò gan-an lálẹ́ sórí ìwé, kó o gbé e fún un. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kejì fún dókítà, kó o sì kọ àwọn oògùn mìíràn tó o ń lò àti iye ọtí tó o ń mu sábẹ́ rẹ̀.